Fóònù Kò Ní Kàwé Fún Yín: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ lọ sí Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí tẹ́ẹ̀sì bá ku ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé òun kò ní ìwé. Wọn á ṣí fóònù hàn yín: PDF ogójì, ohùn olùkọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀, fọ́tò bọ́ọ̀dù tó dà pọ̀ mọ́ fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n wọn. Ẹ wá bi wọ́n ní ohun kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ibi tí a fi iyọ̀ sí ló ṣomi sí.

Fọ́tò bọ́ọ̀dù yìí ló burú jù, torí ó máa ń dà bíi pé èèyàn ti ṣiṣẹ́. Ní 2014, Linda Henkel, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Fairfield University ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde. Ó mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù, ó ní kí wọ́n ya àwọn nǹkan kan ní fọ́tò, kí wọ́n kàn fojú wo àwọn yòókù. Nígbà tí ó dọjọ́ kejì, èyí tí wọ́n fojú wò ni wọ́n rántí jù. Àmọ́ tí wọ́n bá fa fọ́tò sún mọ́ apá kan lára nǹkan náà, ìrántí wọn kì í dín kù. Nítorí náà, ẹ má kàn nawọ́ fóònù sókè bí bọ́ọ̀dù bá ti kún. Ẹ fi bírò kọ ọ́, kí ẹ fi fóònù ya kìkì àwòrán tó ṣòro láti fọwọ́ yà. Tó bá di alẹ́, ẹ da ojú fóònù bolẹ̀, kí ẹ gbìyànjú láti tún un kọ láìwò ó. Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá bíi Henkel, fi hàn ní 2006 pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó ń dán ara rẹ̀ wò máa ń rántí ju ẹni tó kàn ń tún un kà lọ.

Ẹ má sì kó gbogbo ẹrù sínú fóònù kan. Èmi gan-an jẹ ìyà rẹ̀. Orí ọ̀kadà ni mo wà láti Tákíè nígbà tí fóònù yọ́ bọ́ lápò mi, orí kejì project mi sì bá a lọ. Mo sunkún, mi ò purọ́. Google Drive, àpótí fáìlì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń fúnni ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gmail àti fọ́tò yín ló jọ ń pín in. WhatsApp kì í ṣe àpótí: fáìlì tí ẹ kò bá tètè gbà sílẹ̀ lè sọ pé òun kò sí mọ́.

Ní ti dátà, ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ohùn olùkọ́ nìkan kò nílò fídíò tó mọ́ kedere. Ẹ dín in kù sí 144p, ìwọ̀n fídíò tí kì í jẹ dátà púpọ̀. Dátà òru pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó fi í wo fídíò di aago mẹ́rin ìdájí, orí tábìlì ni yóò ti gbọ́ kíláàsì aago mẹ́jọ.

Èyí tó ń bí mi nínú jù lọ ni ti ChatGPT àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè. Ẹ ní kó ṣàlàyé ohun tó ta kókó, kò burú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kó to orúkọ ìwé tí ẹ máa fi sẹ́yìn project, ó lè dá ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún, kó sì dà bí òótọ́ pọ́nbélé. Ẹ wá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí Google Scholar, ibi tí wọ́n ti ń wá ìwé ìwádìí. Èyí tí ẹ kò bá rí kà, ẹ yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ iná kò yé ẹnikẹ́ni jù yín lọ. Ẹ tẹ ojú-ìwé tó ṣe pàtàkì jáde sórí pépà ṣáájú. Tó bá di alẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ á ti kún fọ́fọ́, àwọn náà á sì máa dúró de NEPA.