Kí ẹ tó fi Oracle sórí sáfà, ẹ má ṣe báyìí o

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́, fífi Oracle Database 19c, ètò tó ń tọ́jú dátà, sórí ẹ̀rọ gan-an ò le, tí gbogbo nǹkan bá ti wà nílẹ̀ kì í gbà ju wákàtí mélòó kan lọ, ohun tá ò bèèrè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló máa ń lé wa kiri lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ọ̀gá á ní kó parí lálẹ́ Friday, àwa náà á jókòó, a á máa tẹ Next, Next, bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni character set, ìyẹn àkójọ lẹ́tà tí database lè tọ́jú. DBCA, irinṣẹ́ Oracle tó ń dá database sílẹ̀, á ti mú AL32UTF8, tó gba lẹ́tà tiwa, wá fúnra ẹ̀, ẹnì kan á wá ní WE8MSWIN1252 làwọn ń lò níbi iṣẹ́ òun àtijọ́, á sì yí i. Ẹ má dán an wò! Lẹ́tà ẹ, ọ, ṣ tiwa ò sí nínú ìyẹn, orúkọ Ṣọlá lè wọlé kí àmì ìbéèrè tó dorí kodò jókòó síbi tí Ṣ wà, títún un ṣe lẹ́yìn tí dátà ti kún kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Tẹ́ ẹ bá sì ti mú AL32UTF8, ẹ kìlọ̀ fáwọn tó ń kọ́ table inú database pé VARCHAR2(10), ìyẹn àyè ọ̀rọ̀ tó gba mẹ́wàá, byte ló ń kà tí wọn ò bá sọ pé CHAR, ìyẹn lẹ́tà, ni; lẹ́tà kan sì lè gbà ju byte kan lọ. Ṣẹ́gun, lẹ́tà márùn-ún péré lójú wa, byte 11 ni lójú Oracle, kò lè wọ ibẹ̀. Èmi náà ò gbà á gbọ́ àfìgbà tí mo kà á.

Dísìkì ńkọ́? Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, a ṣírò ibi tí dátà máa gbà dáadáa, a gbàgbé archive log, ẹ̀dà redo log tí database ń tọ́jú, pátápátá. Ìparí oṣù dé, wọ́n ń ṣe owó oṣù lọ́wọ́, ni gbogbo ẹ̀ bá dúró gbagidi: ORA-00257. Àyè ti tán, database ò sì ní kọ lé redo log, ibi tó ń kọ gbogbo àyípadà sí, tí kò tíì rí ibi tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀ sí. Àti backup náà, orí dísìkì kan náà ló wà o, ẹ má bi mí pé ta ló rò ó bẹ́ẹ̀.

RAM àti swap, ìyẹn àyè orí dísìkì tó ń ran RAM lọ́wọ́, ẹ ṣáà ka ìwé Oracle: tí RAM bá wà láàárín 2 sí 16 GB, kí swap bá a dọ́gba, tó bá ju 16 lọ, 16 GB ti tó, kí /tmp, ibi fáìlì ìgbà díẹ̀, náà ní 1 GB. Ẹ má fi root, user tó lágbára jù lórí Linux, ṣe é. Lórí Oracle Linux, package tó ń jẹ́ oracle-database-preinstall-19c á dá user oracle sílẹ̀, á sì ṣètò kernel, ọkàn Linux, fún yín. Orúkọ sáfà, ẹ fẹnu kò lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá yí i lẹ́yìn náà, listener, èyí tó ń gba àwọn tó fẹ́ wọlé sí database, lè má mọ ilé mọ́. UPS náà, bátìrì tó ń gbé sáfà tí iná bá lọ, ẹ yọ wáyà iná lójú ara yín kẹ́ ẹ rí bóyá ó ń gbé e, ẹ má dúró de ọjọ́ tí NEPA máa bá yín dán an wò.

Ó ku licence, ìwé àṣẹ ìlò. Nínú Enterprise Edition, ẹ̀yà Oracle tó kún jù, Diagnostics Pack àti Tuning Pack, àwọn irinṣẹ́ tó ń wá ohun tó ń fa database sẹ́yìn, ti wà ní títàn látìgbà tẹ́ ẹ ti parí, àmọ́ owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n, wíwà tí wọ́n wà níbẹ̀ ò ní kẹ́ ẹ máa lò wọ́n. Ẹ lọ bá ẹni tó ra licence kẹ́ ẹ bi í, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí AWR report, ìròyìn bí database ṣe ń ṣiṣẹ́ tó wà lára Diagnostics Pack, kan ṣoṣo.