Bí mo ṣe kọ́ Kub inú DCS láti máa pa rédà ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn géèmù ogun, ẹ mọ̀ pé iyàn lórí mísáìlì tí wọ́n fi ń já bàlúù lulẹ̀ kì í tán. Ẹnì kan á ní Pantsir, ọkọ̀ mísáìlì Rọ́ṣíà, ti lágbára jù, ẹlòmíì á ní rárá, kò tiẹ̀ yára tó bó ṣe yẹ, ni wọ́n á bá kó nọ́ńbà síta: mísáìlì 57E6 tó ń yìn ń lọ tó kìlómítà 20, ó lè sáré tó mítà 1,300 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, méjìlá ló wà lórí ọkọ̀ kan, ìbọn 30 mm tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, mo máa ń kà á dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka ìtàn àwọn ogun wọ̀nyí sí i ni mo rí i pé ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kóun tan rédà, ẹ̀rọ tó ń wá bàlúù lójú sánmà, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kóun pa á, òun gan-an ló ń já bàlúù lulẹ̀, nọ́ńbà kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti DCS World, géèmù bàlúù ogun orí kọ̀ǹpútà, mo ní mo máa to Kub kan, ìyẹn mísáìlì orí ilẹ̀ tó ń já bàlúù lulẹ̀, tó máa hùwà bíi tàwọn tó wà lójú ogun lóòótọ́, mo sì ṣe é, ó ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe ṣe é rèé.

Kí ló dé tí mi ò lo War Thunder, géèmù ogun kejì? War Thunder dùn, mo ṣì ń gbá a, ọkọ̀ mísáìlì Roland tó wà níbẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ràn jù (Nàìjíríà náà ra Roland orí ọkọ̀ ogun AMX-30 láyé ìgbà kan, ẹni tó bá ń gbá géèmù yẹn ní Nàìjíríà yẹ kó mọ ìyẹn). Àmọ́ ibẹ̀, ìwọ nìkan lo wà nínú ọkọ̀ kan, ìwọ lo ń wá bàlúù, ìwọ lò ń tọ́ ọ, ìwọ lò ń yìn ín. Kub ò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ rédà kan tó ń jẹ́ 1S91 ni olórí wọn, ọkọ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní 2P25 ló yí i ká, mísáìlì mẹ́ta mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn mẹ́rin yẹn ò ní rédà tiwọn rárá, ohun tí 1S91 bá rí ni wọ́n ń yìn. DCS gbà kí èèyàn to gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀fẹ́ sì ni, máàpù Caucasus ọ̀fẹ́ ni, bàlúù Su-25T náà ọ̀fẹ́, kò ná mi ní kọ́bọ̀ àyàfi owó dátà, torí fáìlì ẹ̀ tóbi gan-an, ẹ bá mi wá ibi tí Wi-Fi ti dáa kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ dànlóòdù.

Mo ṣí Mission Editor, ibi tí wọ́n ti ń to ogun sílẹ̀ nínú DCS, mo lọ sí Kutaisi ní Jọ́jíà, torí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀, òkè ńlá sì wà lápá àríwá, èèyàn lè sá pamọ́ sẹ́yìn òkè. Kì í ṣe ilẹ̀ tí wọ́n kàn yà sínú géèmù lásán o, lóṣù Ọ̀gọ́ọ̀sì 2008 tí Rọ́ṣíà àti Jọ́jíà jà, àwọn Jọ́jíà já Tu-22M3 Rọ́ṣíà kan lulẹ̀, bàlúù ńlá tó ń ju bọ́ǹbù nìyẹn o, Rọ́ṣíà tún pàdánù Su-25 mélòó kan. Mo gbé rédà Kub sílẹ̀, mo to àwọn ọkọ̀ mẹ́rin yí i ká. Ẹ fiyè sí ibí yìí: gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wà nínú gúrúùpù kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá fi rédà sí gúrúùpù tiẹ̀, tẹ́ ẹ fi àwọn tó ń yìn mísáìlì sí òmíràn, wọ́n á kàn máa wo bàlúù lọ ni, wọn ò ní yin nǹkan kan. Èmi wá fi ara mi sí apá kejì nínú Su-25T, lábẹ́ CJTF Blue, ìyẹn ẹgbẹ́ ogun aláwọ̀ búlúù inú géèmù, torí ibẹ̀ ni gbogbo bàlúù wà, mo gbéra ní pápákọ̀ òfurufú Batumi, mo gbé mísáìlì Kh-58 méjì, irú èyí tó máa ń gbọ́ rédà tó sì máa ń tọ̀ ọ́ lọ, mo so Fantasmagoria, ẹ̀rọ tó ń wá ibi tí rédà wà, mọ́ ikùn bàlúù, torí láìsí ìyẹn Kh-58 ò mọ ibi tó ń lọ.

Mo kọ́kọ́ fò ó bí géèmù ṣe fi í sílẹ̀, láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Rédà Kub wà ní títàn látìgbà tí mo ti gbéra. Iná X lórí SPO-15, ẹ̀rọ ìkìlọ̀ inú bàlúù mi, ìyẹn iná tó ń sọ fún páílọ́ọ̀tì pé rédà mísáìlì tó ń lọ jìnnà níwọ̀nba ló ń wò ó, ti tàn tipẹ́ kí n tó sún mọ́ ọn. Mísáìlì Kub ò lè lọ ju nǹkan bíi kìlómítà 24, Kh-58 ń lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, mo bá dúró sókèèrè, mo yìn ín, mo yí padà. Rédà jóná. Mísáìlì méjìlá wà nílẹ̀ níbẹ̀ tí ẹnì kankan ò lè lò.

Àwọn kan á sọ pé géèmù ló burú. Rárá o, nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sáwọn Síríà gan-an nìyẹn ní àfonífojì Bekaa ní Lẹ́bánọ́nì, June 9, 1982. Wọ́n ti to mísáìlì wọn síbi kan náà fún ìgbà pípẹ́, àwọn Ísírẹ́lì ti ya fọ́tò gbogbo ẹ̀, wọ́n rán àwọn bàlúù kékeré tí kò ní páílọ́ọ̀tì ṣáájú, àwọn Síríà tan rédà láti yìn wọ́n, ibi tí rédà ti ń pariwo ni mísáìlì Ísírẹ́lì gbà wọlé. Nǹkan bíi 17 nínú 19 ló run lọ́jọ́ yẹn. Kub yìí kan náà, lọ́dún 1973, òun ló kó àwọn páílọ́ọ̀tì Ísírẹ́lì sí wàhálà torí ẹ̀rọ ìkìlọ̀ inú bàlúù wọn ò dá rédà ẹ̀ mọ̀. Irin kan náà, ọdún mẹ́sàn-án péré ló wà láàárín wọn.

Ohun tí mo fẹ́ ni Kub ọdún 1995. Ní June 2 ọdún yẹn, F-16 Amẹ́ríkà méjì ń fò lókè Bọ́sníà, àwọn Sẹ́ẹ̀bù pa rédà Kub wọn mọ́, wọn ò tan án àfi ìgbà tí àwọn méjèèjì ti wọ àárín. Mísáìlì kan bú láàárín bàlúù méjèèjì, èkejì gé ti Scott O'Grady sí méjì, ọkùnrin yẹn fò jáde, ó sì fara pamọ́ sínú igbó títí di June 8 kí wọ́n tó lọ gbé e. Ìkìlọ̀ tí wọ́n rí ò tó nǹkan.

Ó yá, bí mo ṣe ṣe é nìyí. Mo tẹ gúrúùpù Kub, mo lọ sí Advanced Waypoint Actions, mo yan Set Option, mo yan Alarm State, mo fi sí Green. Green yẹn ló ń ní kí wọ́n pa rédà kí wọ́n sì jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà mo lọ sí Triggered Actions gúrúùpù yẹn kan náà, mo fi Alarm State méjì síbẹ̀, Red kan (òun ló ń ní kí wọ́n tan rédà kí wọ́n sì jà), Green kan, tó máa dúró de àṣẹ. Mo wá fa zone kan, ìyẹn àyíká kan lórí máàpù, yí wọn ká, kìlómítà 15 láti àárín. Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe 24, ṣebí ibẹ̀ ni mísáìlì ń dé. Ó ń débẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó tó débẹ̀ agbára ẹ̀ á ti ń tán lọ, bàlúù tó bá yí ẹ̀yìn padà á bọ́. Ní kìlómítà 15, tí mísáìlì bá ń rin bíi mítà 600 ní sẹ́kọ́ńdì kan, sẹ́kọ́ńdì 25 ló ní láti fi dé ọ̀dọ̀ ẹ, kò sì sí bó o ṣe máa yí Su-25T padà kó o jáde láàárín ìyẹn, bàlúù yẹn ò yára.

Ó wá ku trigger, ìyẹn àṣẹ tó máa ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀. Trigger àkọ́kọ́: PART OF COALITION IN ZONE, blue, ìyẹn tí bàlúù búlúù bá wọ zone, ohun tó máa ṣe ni AI TASK PUSH fún Red, tó ń pàṣẹ fún gúrúùpù, àti FLAG ON 1, àmì tí géèmù á fi máa ka àkókò. Trigger kejì: TIME SINCE FLAG 1, sẹ́kọ́ńdì 50, AI TASK PUSH fún Green. Ẹ má fi kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ o, torí mísáìlì Kub ò lójú tiẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rédà tó ta sára bàlúù tó sì padà wá ló ń tẹ̀ lé, tẹ́ ẹ bá pa rédà kó tó débẹ̀, ó di afọ́jú nìyẹn. Wọ́n gbọ́dọ̀ ráyè wá mi, tọ́ mi, yìn mí, kí mísáìlì sì dé, kí wọ́n tó pa iná. Zone yẹn ló dúró fún àwọn tó ń ṣọ́ sánmà láti ibòmíì tí wọ́n ń fi tẹlifóònù sọ fún wọn pé ó ń bọ̀ o.

Mo tún gbéra ní Batumi. SPO-15 dúdú. Mo tan Fantasmagoria, kò gbọ́ nǹkan kan, Kh-58 méjì wà lábẹ́ ìyẹ́ mi tí wọn ò rí ẹni tí wọ́n máa bá jà. Mo mọ ibi tí Kub wà, èmi fúnra mi ni mo gbé e síbẹ̀, síbẹ̀ àyà mi ń já, torí kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀rọ tó lè sọ fún mi pé báyìí ni. Lẹ́ẹ̀kan náà, iná X tàn, pupa tẹ̀ lé e, kò pẹ́ tó fi ń ṣẹ́jú, ohùn inú etí mi yí padà, mo bojú wo iwájú lọ́wọ́ òsì, èéfín funfun ti ń gòkè láti inú pápá, òmíràn tún gbéra lẹ́yìn ẹ̀. Mo da chaff sílẹ̀, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń tan rédà jẹ, mo yà kí mísáìlì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ki orí bàlúù sísàlẹ̀. Àkọ́kọ́ gba ẹ̀yìn mi kọjá. Èkejì bú lábẹ́ ìyẹ́ ọ̀tún, bàlúù sì dojú dé. Nígbà tí mo fi máa ṣí máàpù F10 wò wọ́n láti òkè, wọ́n ti pa rédà padà.

Mi ò yí nọ́ńbà kankan padà lára mísáìlì yẹn. Bó ṣe ń sáré náà ló ṣe ń sáré, ibi tó ń dé náà ló ń dé.

Àwọn nǹkan kan ṣì wà tí géèmù ò lè ṣe. Chaff inú DCS, bíi kí èèyàn ju owó ẹyọ sókè ni, ó mú tàbí kò mú, bẹ́ẹ̀ sì rèé ojú ogun ò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi ariwo da rédà láàmú náà rọrùn jù nínú ẹ̀. Àwọn ṣójà inú 1S91 yẹn ò bẹ̀rù rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀rù yẹn ṣe rí, kó wá géèmù tó ń jẹ́ SAM Simulator, ọ̀fẹ́ lòun náà, kò sí àwòrán rẹwà níbẹ̀ rárá, iwájú síkírínì rédà S-75 àti S-125, àwọn mísáìlì orí ilẹ̀ àtijọ́ míì, ló máa gbé ẹ jókòó, bọ́tìnnì lóríṣiríṣi, ìwọ lo máa wá àmì kékeré yẹn láàárín ariwo, ìwọ lo máa tọ́ ọ lápá òsì ọ̀tún, lókè nísàlẹ̀ àti bó ṣe jìnnà tó, iṣẹ́ tí ó ju èèyàn mẹ́ta lọ ń pín ṣe lójú ogun. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọyì Zoltán Dani, ọ̀gágun Sẹ́bíà tó fi S-125 àtijọ́ já F-117, bàlúù Amẹ́ríkà tí rédà kì í tètè rí, lulẹ̀ ní March 27, 1999. Òfin tó fún àwọn ọmọ ẹ̀ ni pé rédà kò gbọ́dọ̀ tàn ju nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì 20 lọ, wọ́n sì ń kó ẹrù wọn kúrò lójú kan ṣáá. Dale Zelko tó wa bàlúù yẹn ò kú, àwọn méjèèjì padà di ọ̀rẹ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ to ju Kub kan lọ, ẹ má fọwọ́ kọ trigger fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ lo script (kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀) tó ń jẹ́ Skynet IADS, òun á máa tan rédà á sì máa pa á fúnra ẹ̀, tó bá fura pé mísáìlì bíi Kh-58 ń bọ̀ á paná. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi S-125 ṣe irú èyí tí mo ṣe yìí, kó fi rédà P-19, èyí tó ń wá bàlúù, sínú gúrúùpù kan náà pẹ̀lú rédà tó ń tọ́ mísáìlì, láìsí P-19 wọn ò ní rí yín.