Bí Táyé ṣe ń di Kẹ́hìndé nínú sáfà Àlàájà

"Ọmọ mi, kiní yẹn tún ti dé o."

Bí Àlàájà ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí fóònù nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, kò tilẹ̀ dúró gba ìkíni mi. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ kiní yẹn. Àlàájà ní gbọ̀ngàn kan lójú ọ̀nà Igbógbó, níbí ní Ìkòròdú, tí àwọn ọmọ ti máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò ìdánrawò. Ogójì kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀, sáfà kan ṣoṣo, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà, ló sì ń bọ́ gbogbo wọn. Ó ti tó oṣù méjì tí sáfà yẹn ti ń ṣe bí ẹni tí nǹkan ń gùn. Tí wọ́n bá pa á lálẹ́, tí wọ́n tan án láàárọ̀, ó lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ó sì lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kan ò ní rí i.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n ti gbà ò lóǹkà. Oníná ní inverter ni. Ẹlòmíì ní switch, àpótí tó ń so wáyà àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, ti gbó, ó sì ta tuntun fún wọn. Ẹnì kẹta tú gbogbo wáyà tó wà lára ògiri. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó gbọ̀ngàn náà sì ti wá oògùn tirẹ̀: yóò pa sáfà, yóò ka ení, èjì, títí dé ọgbọ̀n, kó tó tan án padà.

"Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá ti ka ọgbọ̀n, ó máa ń jẹ́."

Mo bi í pé nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀melòó ló ń jẹ́. Ó ronú díẹ̀, ó ní ó máa tó ẹ̀ẹ̀márùn-ún.

Mo wọ kòrọ́pẹ́ débẹ̀. Kì í ṣe ara sáfà ni mo ti rí ohun tó là mí lójú, Àlàájà ló sọ ọ́ bí ẹni ń ráhùn lásán: "Ọjọ́ tó bá ti ń ṣe wọ́n báyìí, WhatsApp tèmi náà kì í lọ." Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín. "Màmá, dátà yín ló tán." Èmi ò rẹ́rìn-ín. Wi-Fi ráútà tó wà ní ọ́fíìsì ni fóònù Àlàájà ń lò, ráútà yẹn ò sì bá kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ da nǹkan kan pọ̀. Kí ló wá dé tí àwọn méjèèjì fi ń ṣàìsàn lọ́jọ́ kan náà?

Bí wọ́n ṣe tò ó rèé. Ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ló wà lẹ́yìn sáfà. Ọ̀kan bá bọ́ọ̀dù rẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́, Intel ni. Ìkejì wà lára káàdì Realtek kan tí ẹnì kan fi kún un lẹ́yìn náà. Ti Intel lọ sọ́dọ̀ ráútà, ibẹ̀ ni sáfà ti ń gba íntánẹ́ẹ̀tì. Ti Realtek lọ sí switch inú gbọ̀ngàn. Ubuntu, irú Linux kan, ló ń darí sáfà náà. Eth0 ni orúkọ tí wọ́n mọ ihò Intel sí nínú rẹ̀, eth1 ni ti Realtek. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé eth0 ni kó gba àdírẹ́sì, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lọ́wọ́ ráútà, eth1 ni kó máa jẹ́ 192.168.10.1, kí ètò kan tó ń jẹ́ dnsmasq sì máa pín àdírẹ́sì fún ogójì kọ̀ǹpútà láti ibẹ̀.

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ọmọ kan, mo tẹ ipconfig. Àdírẹ́sì tó gbé jáde fi 169.254 bẹ̀rẹ̀, èyí tí Windows máa ń fún ara rẹ̀ nígbà tó bá ti pariwo títí tí ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Mo wá tọrọ fóònù Àlàájà, mo ṣí ibi tí Wi-Fi ń kọ àdírẹ́sì sí. 192.168.10.57 ni mo bá níbẹ̀. Àdírẹ́sì gbọ̀ngàn, lórí fóònù inú ọ́fíìsì! Oúnjẹ tó yẹ kí sáfà gbé fún àwọn ọmọ, ẹnu ọ̀nà mìíràn ló gbé e lọ.

Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan wáyà. A jẹ́ pé orúkọ ló ṣípò.

Kí n tó gba ara mi gbọ́, mo lọ wo àkọsílẹ̀ kernel, ìyẹn ọkàn Linux. Sáfà tó bá tọ́jú àkọsílẹ̀ ìgbà tí wọ́n tan án sẹ́yìn, ẹ lè fi ti òní wé ti àná:

journalctl -k -b 0 | grep eth
journalctl -k -b -1 | grep eth

Ti òní, ìyẹn ọjọ́ ìjàngbọ̀n, r8169 ló jókòó sórí ìlà kan pẹ̀lú eth0. R8169 ni driver káàdì Realtek, ìyẹn ètò tí kernel fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ti àná tí gbogbo nǹkan dára, e1000e ti Intel ló mú eth0. Mo padà sẹ́yìn títí dé ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, mo ń bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà léèrè bí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe rí, ó sì ń yẹ ìwé tó ń kọ owó ìdánwò sí wò. Ọjọ́ tí r8169 bá kọ́kọ́ dé, kò sí owó nínú ìwé.

Báyìí ni mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún Àlàájà, torí pé Àlàájà fúnra wọn bí ìbejì. A kì í jókòó ronú kí a tó sọ ìbejì lórúkọ. Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni Táyé, ẹni tó tẹ̀lé e ni Kẹ́hìndé. (Ẹ má bá mi jà lórí èwo ni ẹ̀gbọ́n nínú wọn, ìyẹn kọ́ là ń sọ.) Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kernel ṣe ń ṣe: driver tó bá kọ́kọ́ wọlé, ẹ̀rọ tirẹ̀ ni eth0, èyí tó tẹ̀lé e ni eth1. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń bí ọmọ ènìyàn. Ti sáfà, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tan án ni wọ́n ń tún àwọn ìbejì yẹn bí. Driver méjèèjì jọ ń sáré wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ni, èyí tó máa fi ìṣẹ́jú akàn ṣíwájú, kò dájú. Ibi tí ìdajì-ìdajì ti wá nìyẹn. Ìkà-ọgbọ̀n ò ní ọwọ́ nínú rẹ̀, inverter náà ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Àlàájà ní, "Ṣé kò wá sí ẹni tó máa so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọ̀kan lọ́wọ́ ni?"

Wọ́n ti so ó tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2013, nígbà tí systemd 197 (ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú Linux) jáde, ni Linux ti ní ọ̀nà tó fi ń sọ ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórúkọ gẹ́gẹ́ bí ibi tó wà nínú ẹ̀rọ, dípò ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ẹnì kan ló já ìlẹ̀kẹ̀ náà. Mo tẹ cat /proc/cmdline láti wo àṣẹ tí wọ́n fi ń tan kernel, mo sì rí i níbẹ̀ kedere: net.ifnames=0, èyí tó ń pa ọ̀nà ìsọlórúkọ yẹn. Ẹni tó ṣe ìṣètò àkọ́kọ́ ló pa á. Mi ò bá a jà. Ẹni tó ti mọ eth0 láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tó wá bá orúkọ bí enp0s31f6, ẹ̀rù máa bà á. Ìgbà tí ihò kan ṣoṣo bá wà lára ẹ̀rọ, pípa á ò léwu rárá. Ìgbà tí wọ́n fi káàdì kejì kún un ni wàhálà dé.

Mo ṣí fáìlì /etc/default/grub, níbi tí àṣẹ yẹn wà, mo yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, mo ṣe update-grub, mo tan ẹ̀rọ padà. Ti Intel di enp0s31f6, ti Realtek di enp3s0. Mo fi àwọn orúkọ tuntun sí netplan, ìyẹn ìṣètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ubuntu, àti dnsmasq, mo tan sáfà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kò yẹ̀. Mo gba owó mi, mo lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Àlàájà tún pè. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ti ìdajì-ìdajì mọ́. Kò ṣiṣẹ́ rárá.

Ojú tì mí nígbà tí mo dé ibẹ̀. Wọ́n ti ra NVMe tuntun, ohun ìkó-nǹkan-pamọ́ kan, wọ́n fi sí ihò kan lórí bọ́ọ̀dù, PCI, ọ̀nà tí àwọn káàdì fi so mọ́ bọ́ọ̀dù, sì ti tún gbogbo nọ́ńbà tó tẹ̀lé e kà. Káàdì Realtek ò kúrò níbi tó wà, síbẹ̀ enp3s0 ti di enp4s0. Ẹ wo bí a ṣe ń júwe ilé níbí: ṣọ́ọ̀bù kẹta lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Kí ẹnì kan wá kan kióòsì sáàárín, ṣọ́ọ̀bù yẹn ò rìn, àmọ́ ó ti di ẹ̀kẹrin, àlejò á sì ṣìnà. Orúkọ tó wá láti inú àdúgbò, bí àdúgbò bá yí padà, òun náà á yí. Mo mọ èyí tẹ́lẹ̀, mo kàn rò pé kò sẹ́ni tó máa tún tú sáfà yẹn ni.

Ohun tí kì í yí padà lára káàdì ni àdírẹ́sì MAC rẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n kọ mọ́ ọn nílé iṣẹ́, tó dà bí àmì ara tí wọ́n bí mọ́ ọmọ. Mo fi ethtool -P wá ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí n má baà fún Táyé ní àmì Kẹ́hìndé, mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ ihò tí mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo tẹ ethtool -p enp0s31f6 10, mo sì bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn sáfà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì: iná kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ráútà ń ṣẹ́jú wìnìwìnì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ti Realtek kọ̀, ó ní Operation not supported. Ìyẹn náà ò le, mo yọ wáyà rẹ̀, mo tẹ ip -br link, enp4s0 kọ NO-CARRIER lójú ẹsẹ̀. Mo dá wáyà padà.

Mo wá ṣe fáìlì /etc/systemd/network/10-ile0.link. Ìlà mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀. Match ló ṣíwájú, nínú àkámọ́ onígun, lábẹ́ rẹ̀ ni mo kọ PermanentMACAddress= àti àmì káàdì náà. Lẹ́yìn náà Link, nínú àkámọ́ onígun bákan náà, lábẹ́ rẹ̀ ni Name=ile0. Mo ṣe 10-ita0.link fún ti Intel. Ilé fún gbọ̀ngàn, ìta fún íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi eth0 sọ ọ́ lórúkọ níbẹ̀ o, kernel fúnra rẹ̀ ń pín orúkọ yẹn, ẹ̀yin àti òun á máa jà á gbà. Kí orúkọ má sì ju lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni update-initramfs -u, tó ń fi fáìlì náà kún ohun tí sáfà kọ́kọ́ ń kà tí wọ́n bá tan án, torí pé orúkọ lè ti bọ́ sórí ihò kí sáfà tó dé ibi tí fáìlì yẹn wà. Ìdí sáfà gan-an ni mo jókòó sí ṣe gbogbo èyí, pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹni tó bá ń yí orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà láti ọ̀nà jíjìn ń gé igi tó jókòó lé.

Mo tan án padà. Orúkọ méjèèjì jáde dáadáa, àmọ́ kọ̀ǹpútà ò gba àdírẹ́sì. Mo ti ṣàtúnṣe netplan, mo gbàgbé dnsmasq, ó ṣì ń wá enp3s0 kiri. Mo fi grep -rE 'eth[01]|enp' /etc wá gbogbo ibi tí orúkọ àtijọ́ ti sá pamọ́ sí. Ó tún kù nínú òfin ufw, ètò ààbò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, níbi tí mi ò ronú dé.

Ìdánwò tó tẹ́ mi lọ́rùn jù: mo pa sáfà, mo yọ NVMe tuntun yẹn, mo tan án. Nínú PCI, káàdì ti padà sí ipò kẹta. Orúkọ rẹ̀ ṣì ni ile0. Mo dá NVMe padà, mo tan án, ile0 náà ni. Mo fi téèpù bébà lẹ ihò méjèèjì lẹ́yìn sáfà, mo fi bírò kọ ILÉ sí ọ̀kan, ÌTA sí èkejì, mo kọ MAC wọn sábẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ káàdì, MAC á yí padà, ẹni tó bá wá ṣe é á mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ wọlé, ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Àlàájà fi fídíò àbúrò wọn kan tó ń ṣègbéyàwó ní Ìjẹ̀dẹ́ hàn mí lórí WhatsApp, ó ń lọ geere. Mo ń kó irinṣẹ́ mi sínú báàgì nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn pa sáfà kí inverter má baà tán. Iná dé kó tó pẹ́, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ láti inú yàrá kékeré yẹn:

"... mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, méjìdínlọ́gbọ̀n..."