Bí a ṣe lè kọ ìtàn ìgbésí ayé bàbá àgbà

Ọ̀pọ̀ ìtàn ìgbésí ayé tí à ń kà nínú ìwé ètò ìsìnkú ni a kọ láàárín alẹ́ kan ṣoṣo, nígbà tí atẹ̀wé ti ń pe fóònù pé iṣẹ́ ni òun ń dúró dè, tí àwọn ọmọ olóògbé sì ń sáré sókè sódò nítorí màlúù àti aṣọ ẹbí. Ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde kì í yàtọ̀ láti ilé kan sí èkejì: wọ́n bí Bàbá sínú ìdílé ọlọ́lá, ó lawọ́, ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó sì fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ sílẹ̀ sáyé. Bí ẹ bá pa orúkọ òkè rẹ́ tí ẹ fi ti bàbá ẹlòmíràn síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fura. Ní 2015, èmi náà kọ irú rẹ̀ fún bàbá tó bí bàbá mi, ó sì di ọdún kẹta lẹ́yìn ìsìnkú kí n tó padà sídìí iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ. Ọ̀nà tí mo gbà ṣe é lẹ́ẹ̀kejì ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àkọ́bí rẹ̀. Àkọ́bí mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bíi bàbá nìkan, bẹ́ẹ̀ ni bàbá kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún ọmọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ sùn lórí ẹní kan náà ní kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ọ̀dọ̀ ìyàwó, ọ̀rẹ́ àti àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní tèmi, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló kù, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ọ̀fà nítorí pé kò gbé ìlú mìíràn rí. Bí ẹ bá bi irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé irú èèyàn wo ni Bàbá, "èèyàn dáadáa ni" ni ẹ ó gbọ́, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ẹ bi í ní ohun tí ojú rí: kí ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣe bí ó bá jí, ta ló jẹ ẹ́ lówó tí kò san án, kí ló lè mú un bínú débi tí kò fi ní jẹun alẹ́? Ẹ kí i bó ti yẹ kí á kí àgbà, ẹ jẹ́ kó jẹun tán, kí ẹ sì gba àṣẹ kí ẹ tó fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá dìde pé ẹ fẹ́ máa lọ, ẹ má tíì pa fóònù náà. Ìgbà tí mo ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni Ìyá Ọ̀fà tó béèrè pé, "Ṣé ẹ ti yọ kọ́kọ́rọ́ yẹn kúrò lára ògiri?"

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin ni, tí a fi okùn pupa so pọ̀, tí wọ́n fi kọ́ sórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá Bàbá. Àwa ọmọdé gbà pé ti àpótí kan ni. Bí mo ṣe bọ́ bàtà padà nìyẹn. Ìṣọ̀ tí Bàbá ti ń tajà ní Kùmásì ló ni kọ́kọ́rọ́ náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gáànà lábẹ́ Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn oníṣòwò Yorùbá láti Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn sì wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá jù lọ. Bàbá ti ilẹ̀kùn ìṣọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọjà nínú, nítorí ó rò pé òun yóò padà kí ọdún tó yí. Ohun tí mo sì kọ sínú ìwé ètò ìsìnkú nípa gbogbo èyí ni pé "ó ṣòwò ní Gáànà kí ó tó padà wálé." Bí irú gbólóhùn kúkurú bẹ́ẹ̀ bá wà nínú tiyín, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ gbẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọdún ìbí ni ó máa ń fa àríyànjiyàn jù. Àwa Yorùbá fẹ́ràn kí òkú wa dàgbà, a sì lè fi ọdún mẹ́wàá bùn un láìfọ̀rọ̀ lọ ẹnikẹ́ni. Ẹni ọdún 97 ni a tẹ̀ sí iwájú ìwé ti Bàbá, èyí tó túmọ̀ sí pé ní 1918 ni wọ́n bí i, ọdún tí àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú jà. Ṣùgbọ́n Ìyá Ọ̀fà rántí pé ọdún tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀ ni Bàbá ń kọ́ bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì kan ilẹ̀ bí ó bá jókòó lé e. 1939 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀. Kò sì sí ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kan ilẹ̀. Báyìí ni mo ṣe kọ ọ́ pé "ní nǹkan bíi 1928," inú àwọn kan nínú ẹbí kò sì dùn sí i rárá. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀ ni kí ẹ fi wọn ọjọ́ orí, kí ẹ sì béèrè ohun tí bàbá náà lè ṣe nígbà náà, ẹ má béèrè iye ọdún rẹ̀. Ọdún tí ọkọ̀ kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún ni 1972, ìbẹ̀rẹ̀ 1973 sì ni náírà dé. Ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955 dára fún àwọn tó wà ní ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, àmọ́ kò wúlò fún mi, torí abẹ́ Àríwá ni Ọ̀fà wà nígbà náà.

Lẹ́yìn èyí ni oríkì. Ẹ gba ohùn ẹni tó ń kì í sílẹ̀ láìdá a dúró, nítorí bí ẹ bá ní kó tún ìlà kan sọ, òmíràn ni yóò sọ. Nígbà tí ẹ bá jókòó ni kí ẹ tó kọ ọ́ jáde, pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ pátápátá. Gboard, ìyẹn àtẹ bọ́tìnnì ìkọ̀wé orí fóònù, ní èdè Yorùbá nínú, kò sí àwíjàre mọ́. Nínú ìwé tiwa, "Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, Ọlọ́fà mọjọ̀" jáde láìní àmì kankan, "ìjàkadì lorò Ọ̀fà" sì di ohun tí ọmọ ìlú Èkó kan kà bí ẹni pé oró ni ìjàkadì jẹ́ fún wa. Bí ìlà kan bá ṣókùnkùn, ẹ bi àgbà méjì léèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Bí àwọn náà kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọ ọ́ bó ṣe jẹ́, ẹ má tún un ṣe.

Ẹ kọ orúkọ gbogbo ìyàwó àti gbogbo ọmọ, títí kan èyí tó kú ní kékeré àti èyí tí kò bá yín sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹjọ́ ilẹ̀ àti ti ogún kò sí nínú iṣẹ́ yìí. Fọ́tò náà kò gba àkókò: ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹni tó mọ̀ wọ́n tó lọ.

Nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kà á sókè fún àwọn tó sọ ọ́ fún yín, kí wọ́n lè já yín ní koro. Mo ka tèmi fún Ìyá Ọ̀fà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Ó mi orí sí i títí mo fi dé ibi tí mo ti kọ pé Bàbá gbé kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ sára ògiri ní ọjọ́ tó dé láti Gáànà, ló bá gbé ọwọ́ sókè. "Irọ́ nìyẹn. Kànga ló fẹ́ jù ú sí. Ìyàwó rẹ̀ ló gbà á, tó fi pamọ́ sínú àpótí aṣọ rẹ̀. Ìgbà tí ìyàwó kú, tí wọ́n tú àpótí, ni Bàbá rí i, tó wá gbé e kọ́." Mo pa ìlà náà rẹ́, mo sì kọ ọ́ bí ó ṣe wí.