Tí Iná Bá Sọ Nílé, Ta Ló Máa Tú Ewúrẹ́ Sílẹ̀?

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Kubwa, Nyanya, Gwagwalada títí dé Suleja. Ìgbà iná la wà yìí, koríko ti gbẹ, atẹ́gùn ń fẹ́, iná kékeré á ti ràn dé ilé kejì kéèyàn tó rí omi. Èèyàn á sáré jáde, ṣùgbọ́n ajá tó wà lórí ṣéènì ńkọ́, ewúrẹ́ tá a so mọ́lẹ̀ ńkọ́? Àwa la dè wọ́n, àwa náà la gbọ́dọ̀ ti mọ bá a ṣe máa tú wọn kílẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀rọ̀ okùn ló ká mi lára jù. Kókó mẹ́ta tẹ́ ẹ ta mọ́ òpó yẹn, ẹ dijú kẹ́ ẹ gbìyànjú láti tú u, ẹ ó rí bó ṣe máa pẹ́ tó, ká má tíì sọ pé èéfín ń ta yín lójú. Ẹ ta á bí okùn bàtà, kí etí okùn kan yọ síta, tẹ́ ẹ bá ti fà á báyìí, ó tú. Ara òpó ni o, kì í ṣe ọrùn ẹran, kí ẹnu ewúrẹ́ má sì tó etí okùn yẹn torí wọ́n máa ń jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ àgádágodo lẹ fi ti ilé adìẹ (mo mọ̀ pé olè wà), ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yín, kí gbogbo ará ilé mọ ibẹ̀, títí kan àwọn ọmọ.

Ọmọ adìẹ nílò ooru bíi 32 sí 35 digíríì lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdí tá a fi ń gbé èédú sí wọn nìyẹn. Lọ́dún kan, ẹyin iná kan ṣoṣo ló ta bọ́ sórí ìyẹ̀fun pákó nínú ilé adìẹ mi. Nígbà tí mo fi ṣílẹ̀kùn, iná ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n kàn kó jọ sí kọ́nà kan, ìyẹ́ wọn ò jó rárá, èéfín ló pa wọ́n. Ó dùn mí wọra. Ẹ gbé kóòlù pọ́ọ̀tù sórí búlọ́ọ̀kù, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin yí i ká, ẹ gbá ìyẹ̀fun pákó kúrò nídìí ẹ̀, ẹ má sì torí ọyẹ́ dí gbogbo ojú fèrèsé, èédú máa ń tú gáàsì kan tí ò ní òórùn, á pa wọ́n láìsí pé nǹkan kan jó. Jẹnẹrétọ̀ náà ń tú u, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ajá.

Gáàsì ìdáná tó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí, ibẹ̀ gan-an sì ni ológbò ń sùn. Ẹ ti sílíńdà pa, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa á.

Tíná bá ti wọlé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ológbò máa ń sá sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà wọlé tọ̀ ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ dúró níta kẹ́ ẹ máa pè é lórúkọ, kẹ́nì kan tẹ 112. Ẹ pariwo "wuta!" (iná nìyẹn lédè Hausa) mọ́ ọn o, àwọn ará àdúgbò tí ò gbọ́ Yorùbá á sáré wá. Ẹran tíná bá jó, omi tútù tó mọ́ ni kẹ́ ẹ máa dà sí i fún bí ogún ìṣẹ́jú, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kódà tó bá ń rìn káàkiri bíi pé nǹkan kan ò ṣe é, torí èéfín tó fà símú lè dà á láàmú lọ́jọ́ kejì.