Olú Ẹ̀dá Ìtàn Tí Ẹ̀rín Kì Í Tán Lẹ́nu Rẹ̀: Àwọn Àṣìṣe Tí Àwa Òǹwòran Máa Ń Ṣe

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo wo Happy-Go-Lucky, n kò wò ó tó ogún ìṣẹ́jú tí mo fi pa á. Fíìmù ọdún 2008 ni, Mike Leigh ló darí rẹ̀, Sally Hawkins ló ṣe Poppy, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Poppy wọ ilé ìtàwé, ó ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọkùnrin tó bá níbẹ̀. Ọkùnrin náà kò dáhùn, Poppy kò sì dákẹ́. Ó ń sọ tibí, ó ń sọ tọ̀hún, ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa jáde, wọ́n ti jí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbé lọ. Ohun tó rí sọ ni pé òun kò tiẹ̀ ráyè kí kẹ̀kẹ́ náà pé ó dàbọ̀. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí èmi àti irú ẹni báyìí jọ wọ ọkọ̀ kan náà, mo bá wá nǹkan mìíràn wò.

Ọdún mélòó kan kọjá kí n tó padà sí i, kí n sì wò ó dópin. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi kò tiẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan tí mo fi dá tèmi. Púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi fúnra mi ti ṣe wọ́n. Àwọn yòókù, ẹnu àwọn tí a jọ ń wo fíìmù ni mo ti ń gbọ́ wọn.

Má sọ ohun tó bí ọ nínú di àléébù fíìmù

Ó bí ọ nínú, kò burú. Àmọ́ kọ́kọ́ bi ara rẹ léèrè bóyá ẹni tó ṣe fíìmù náà fẹ́ kó bí ọ nínú.

Lẹ́yìn tí kẹ̀kẹ́ ti lọ, Poppy lọ kọ́ mọ́tò. Scott, tí Eddie Marsan ṣe, ni olùkọ́ rẹ̀. Scott kì í rẹ́rìn-ín, kò gba àwàdà, bàtà onígìgísẹ̀ gíga tí Poppy ń wọ̀ wá sì ń kó ìrora bá a. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ dígí inú ọkọ̀ di ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀, ó ń pè é ní En-Ra-Ha, ó ń pariwo rẹ̀ léraléra bí ẹni ń pe ọfọ̀. Poppy ń fi gbogbo rẹ̀ ṣẹ̀rín. Nínú ọkọ̀ kékeré yẹn, Scott ni òǹwòran. Ohun tí ìwọ ń sọ nínú ikùn rẹ ló ń sọ síta: ṣé obìnrin yìí kò lè ṣe jẹ́jẹ́ ni? Wàá máa mi orí sí i. Kò pẹ́, ọ̀rọ̀ Scott yí padà. Ó ń bú àwọn ẹ̀yà mìíràn, ó ń bú ilé-ẹ̀kọ́, kò sí ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́ láyé. Ìwọ tó ti ń mi orí bọ̀ láti àárọ̀ á wá wo ẹni tí o lọ dúró tì.

Ẹni tó pa á lógún ìṣẹ́jú kò lè dé ibẹ̀.

Má rò pé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kò rí nǹkan

Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì ń dùn mí jù. Wọ́n á ní orí rẹ̀ ò pé, wọ́n á ní ìyà ò jẹ ẹ́ rí. Àwa tí a máa ń sọ pé ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín, kò yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tètè jáde lẹ́nu wa.

Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì Poppy bẹ̀rẹ̀ sí í lu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú fèrèsé ni Poppy ti rí i. Nígbà tí wọ́n wá jókòó ti ọmọ náà, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ọ̀ràn àwọn ọmọdé, wo Poppy dáadáa: ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, kò ṣàwàdà mọ́, ó ń dúró de ọmọ náà kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó wá hàn pé ọkùnrin tí ìyá ọmọ náà ń fẹ́ ló ń nà án nílé. Lálẹ́ ọjọ́ kan ẹ̀wẹ̀, Poppy bá ọkùnrin aláìnílé kan pàdé níbi tó dá páropáro. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà kò nítumọ̀. Poppy dúró tì í, ó ń gbọ́ ọ. Kò fi í ṣẹ̀rín.

Orúkọ Pollyanna ti di èébú nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kì í rí aburú nínú ohunkóhun ni wọ́n ń fi pè. Kò dá mi lójú pé àwọn tó ń fi bú èèyàn ka ìwé tí Eleanor H. Porter kọ ní 1913, tàbí pé wọ́n wo Hayley Mills nínú fíìmù ọdún 1960. Inú àìní ni eré ìdùnnú Pollyanna, ọmọbìnrin inú ìwé náà, ti bẹ̀rẹ̀: eré kí èèyàn máa wá ohun tí yóò dúpẹ́ lé nínú ohunkóhun. Ọmọláńgidi ló ń retí nínú ẹrù àánú tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìdílé àwọn míṣọ́nnárì. Ọ̀pá méjì tí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dá ṣáṣá fi ń rìn ni wọ́n bá nínú ẹrù. Bàbá rẹ̀ ní kó máa dúpẹ́ pé òun kò nílò rẹ̀. Nígbà tó yá, jàǹbá ṣe é, ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́, eré náà kò sì ṣeé ṣe fún un mọ́. Àwọn ará ìlú tó ti kọ́ ló ń wá sí ilé tó wà, tí wọ́n ń sọ ohun tí eré náà ti ṣe fún wọn. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá ìjọ́sí padà wọlé.

Má jókòó de ẹkún rẹ̀

Fíìmù ló kọ́ wa ní èyí. Bí ẹnì kan bá ti ń rẹ́rìn-ín jù, a ó ti máa wá òkú tó sin sẹ́yìnkùlé: ọmọ tó kú, ọkọ tó sá, àìsàn tó ń fi pamọ́. Mo dúró de ti Poppy títí, kò wá. Ọmọ ìyá rẹ̀ tó ti lọ́kọ, tó sì lóyún, ń yọ ọ́ lẹ́nu nípa ilé àti owó ọjọ́ ogbó. Poppy ní ayé òun tẹ́ òun lọ́rùn. Mo wá a wò bóyá ó ń purọ́. N kò rí irọ́ níbẹ̀.

Má kó gbogbo ọlọ́yàyà sínú àpò kan

Nínú Inside Out, fíìmù àwòrán ọdún 2015 tí ìmọ̀lára inú orí ọmọbìnrin kan ti di èèyàn, Joy (Ayọ̀) ló yẹ kí inú máa bí ọ sí, nítorí ẹ̀rín tirẹ̀ kò fẹ́ gba ẹlòmíràn láyè. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya róbótó kan sílẹ̀, ó ní kí Sadness (Ìbànújẹ́) dúró sínú rẹ̀, kó má sì jáde. Nígbà tí Bing Bong, ọ̀rẹ́ tí ọmọbìnrin náà fi ọkàn rẹ̀ dá, pàdánù kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀, Joy ń rín in ní gìgísẹ̀, ó ń yọ ṣùtì, ó ń sáré kí ìbànújẹ́ lè tètè tán. Sadness kàn jókòó tì í, ó ní ó dun òun pé wọ́n gba nǹkan tó fẹ́ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Bing Bong sunkún díẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀, ó dìde. Nítorí náà, wo ohun tí ọlọ́yàyà ń ṣe nígbà tí ẹlòmíràn bá ń sunkún kí o tó dá a lẹ́jọ́.

Má sọ ọ́ di ìjà

Ẹni tó ní Poppy sú òun kì í ṣe onínú burúkú. Wọ́n fún Hawkins ní ẹ̀bùn Silver Bear níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2008, Golden Globe tẹ̀lé e ní 2009, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ẹ̀bùn lè fipá mú láti fẹ́ràn ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀. Jọ̀wọ́, má sì fi irú fíìmù yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ pé kó lọ kọ́ ìwà lára obìnrin yìí. Mo mọ ẹni tó dán an wò. Ó pẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó tún gbé fóònù rẹ̀.

Má pe ọ̀yàyà ní àìlágbára

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ mọ́tò kẹ́yìn, Scott ti rí Poppy pẹ̀lú ọkùnrin tó ń fẹ́. Ó ń wa ọkọ̀ bí ẹni tí nǹkan gùn. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, Poppy yọ kọ́kọ́rọ́, ó ní Scott kò ní wa ọkọ̀ pẹ̀lú irú inú yìí. Scott bá a jà sí i, ó pariwo lé e lórí ní òpópónà, ó ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ayé sí i lọ́rùn. Poppy kò fún un, àfi ìgbà tí ara rẹ̀ wálẹ̀. Scott gba kọ́kọ́rọ́ tán, ó béèrè bóyá àwọn á tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àkókò kan náà.

Poppy ní rárá.