Títo Kọ̀ǹpútà Àkọ́kọ́ Yín Nínú Ilé: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìyẹ ní Odògbolú, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń yan gààrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí ní Ìlíṣàn, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún. Ẹni tó bá lè tú ẹ̀rọ tó ń lọ gbágùúdá palẹ̀, kó fọ̀ ọ́, kó sì tún un tò kó ṣiṣẹ́, ó lè to kọ̀ǹpútà. Kò gba agbára. Sùúrù ló gbà, àti kéèyàn má kánjú ju ìwé tó wà nínú páálí ọjà lọ.

A kò kórìíra laptop. Ẹni tó ń rìnrìn àjò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ laptop ayé ìsinsìnyí, wọ́n ti jó RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń so mọ́). Bí ọ̀kan bá kú, méjèèjì ló lọ. Ti orí tábìlì kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá kú nínú rẹ̀ lẹ máa yọ, ẹ ó sì fi òmíràn sípò rẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ máa kọ iye kéréètì ẹyin tó jáde lójoojúmọ́, iye àpò oúnjẹ adìyẹ tó wọlé, àti gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ, òun ni mo máa ń gbà nímọ̀ràn.

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ rò

Ohun tó ń pa kọ̀ǹpútà jù ní agbègbè wa, iná ni, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ power pack ṣáájú processor, tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Power pack ni àpótí irin tó ń gba iná lára ògiri, tó ń sọ ọ́ di iná kékeré tí bọ́ọ̀dù lè lò. Nígbà tí mo to kọ̀ǹpútà mi àkọ́kọ́, orí processor ni mo kó owó lé, mo sì lo power pack tó bá kéèsì (àpótí ńlá tí gbogbo ẹ̀yà wà nínú rẹ̀) wá. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ bíi kéréètì tí kò lẹ́yin nínú. Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ, ó dé, ó tún lọ, ó tún dé. Power pack náà jóná, ó sì fa bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ lọ. Owó bọ́ọ̀dù yẹn ju owó power pack gidi lọ dáadáa. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbé power pack lọ́wọ́ tó fúyẹ́ jù, n kì í rà á.

Èyí tó jẹ́ wáàtì 450, tí wọ́n kọ 80 Plus sí lára (àmì pé kì í fi iná ṣòfò púpọ̀), ti tó. Kọ̀ǹpútà tí kò ní graphics card (káàdì tó ń gbé àwòrán jáde sójú monitor) kì í sábà jẹ tó wáàtì 100 lẹ́nu iṣẹ́ ìwé àti ìṣirò.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní bọ́tìnì pupa kékeré kan, tí wọ́n kọ 115 sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọ́n kọ 230 sí èkejì. Fóltì 120 ni iná Amẹ́ríkà, 230 ni tiwa. Bí bọ́tìnì náà bá wà lórí 115, tí ẹ sì tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, yóò dún gbàù, èéfín á sì tẹ̀lé e. Ẹ yí i sí 230 kí ẹ tó so wáyà kankan. Bí kò bá ní bọ́tìnì, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀: 230 gbọ́dọ̀ wà láàárín nọ́ńbà tó wà níbẹ̀.

Stabilizer ń tún iná tó ń lọ sókè sódò ṣe, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, ó parí. UPS ló ní bátìrì nínú. Èyí tó jẹ́ 650 VA (ìwọ̀n agbára tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀) á fún yín ní ìṣẹ́jú mélòó kan láti fi iṣẹ́ yín pamọ́, kí ẹ sì pa kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ. Kì í ṣe ohun tí a fi ń wo tẹlifíṣọ̀n títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Bí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ dúró sójú kan kí ẹ tó so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, kí ẹ sì yọ kọ̀ǹpútà kí ẹ tó pa á. Bí àrá bá ń sán, títẹ bọ́tìnì pa kò tó. Ẹ fa púlọ́ọ̀gì yọ kúrò lára ògiri pátápátá.

Bí ara kéèsì bá ń ta yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé wáyà earth kò sí nínú ilé yín, tàbí pé ó ti já. Oníná ni kí ẹ pè fún ìyẹn, kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà.

Kí ẹ tó lọ sọ́jà

Ọ̀pọ̀ wa ló máa gba Ṣàgámù bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, títí dé Computer Village ní Ìkẹjà. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ rà sórí ìwé kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé òmíràn fún yín, tó ní "ọ̀kan náà ni wọ́n," ẹ dá a padà. Processor àti bọ́ọ̀dù dà bí ọkọ àti ìyàwó: a máa ń wádìí kí a tó ṣe ìdána.

Processor Intel ìran (generation) 10 àti 11, orí bọ́ọ̀dù tí ìjókòó rẹ̀ ń jẹ́ LGA 1200 ni wọ́n ń jókòó. Ìran 12, 13 àti 14, orí LGA 1700 ni. Ibi tí wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn ni LGA 1151: ìran 6 àti 7 ń jókòó lórí rẹ̀, ìran 8 àti 9 náà ń jókòó lórí rẹ̀, síbẹ̀ bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún àwọn méjì àkọ́kọ́ kò ṣe é lò fún àwọn méjì ìkẹyìn. Ní ti Ryzen, processor ilé-iṣẹ́ AMD, ìjókòó tó ń jẹ́ AM4 ń lo irú RAM tó ń jẹ́ DDR4. AM5, tó jáde ní 2022, DDR5 nìkan ló mọ̀. Ẹ̀gé tó wà lẹ́sẹ̀ DDR3, DDR4 àti DDR5 kò sí lójú kan náà, nítorí náà ọ̀kan kò ní wọ ihò èkejì láéláé.

Ẹ tún béèrè bóyá processor náà lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀. Ti Intel tí lẹ́tà F bá parí nọ́ńbà rẹ̀ kò lè ṣe é. Ryzen 5 5600 kò lè ṣe é. 5600G lè ṣe é. Ẹ mú èyí tó lè gbé àwòrán jáde, kí owó graphics card lè kù sápò yín. RAM 8 GB ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ní ti ibi tí kọ̀ǹpútà máa kó iṣẹ́ yín pamọ́ sí, kí ẹ ra SSD, ì báà jẹ́ 256 GB, dípò hard disk, nítorí nǹkan kan ń yí nínú hard disk, iná tó bá ń já lu iná sì lè ṣe é léṣe.

Àwọn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí wọ́n lò ní ọ́fíìsì òkè òkun dára, wọn kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irú wọn lẹ rà, ẹ lò ó lódidi bó ṣe wà. Ẹnu wáyà power pack ọ̀pọ̀ nínú wọn yàtọ̀ sí ti ìta, kéèsì wọn kì í sì í gba bọ́ọ̀dù mìíràn.

Ọjọ́ títò

Ẹ ṣe é lójú ọ̀sán, lórí tábìlì igi, kì í ṣe lórí ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì. Lásìkò ọyẹ́, iná máa ń fara pamọ́ sí ara èèyàn. Ẹ máa fọwọ́ kan irin kéèsì lóòrèkóòrè kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù.

Ẹ má tíì gbé ohunkóhun sínú kéèsì. Mo bẹ̀ yín lórí èyí. Ẹni tó ń se ìkọ́kọrẹ́ á tọ́ iyọ̀ wò kó tó bù ú fún àlejò. Ẹ gbé bọ́ọ̀dù lé orí páálí tó bá wá, kí ẹ sì dán gbogbo rẹ̀ wò níbẹ̀.

Ẹ wá àmì onígun mẹ́ta kékeré lára processor, kí ẹ fi í ko irú rẹ̀ tó wà lára bọ́ọ̀dù. Kó kàn jókòó ni. Bí ẹ bá ti ń fi agbára tì í, ẹ ti gbé e kọdí. Ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ AM4 wà lábẹ́ processor, ti Intel wà lójú bọ́ọ̀dù. Èyí tó bá tẹ̀ nínú wọn, àtitún rẹ̀ ṣòro gan-an. RAM ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dún káá. Bó bá jẹ́ méjì, tí ihò sì jẹ́ mẹ́rin, ihò kejì àti ìkẹrin láti ẹ̀gbẹ́ processor ni wọ́n sábà máa ń fẹ́.

Ẹ kán thermal paste (ọ̀dà tó ń gbé ooru processor lọ sí fáànù) sí àárín orí processor, kó mọ bí ẹyọ ẹ̀wà kan, kí ẹ gbé fáànù lé e, kí ẹ sì so wáyà fáànù mọ́ ibi tí wọ́n kọ CPU_FAN sí. Bí ọ̀rá bá wà nísàlẹ̀ fáànù, ẹ ya á kúrò kí ẹ tó gbé e lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ so wáyà ńlá oníhò 24, àti oníhò 8 tó ń lọ sí tòsí processor. Ẹ so monitor. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ PWR_SW sí, kí ẹ fi orí screwdriver kan irin méjèèjì tó wà níbẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí orúkọ bọ́ọ̀dù bá yọ lójú monitor, ó ti bọ́ sí i. Ẹ pa á, ẹ yọ iná, kí ẹ wá gbé e sínú kéèsì.

Nínú kéèsì, kìkì ibi tí bọ́ọ̀dù ti ní ihò ni òpó irin kékeré gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Òpó kan tó bá ṣẹ́ kù síbi tí kò yẹ á kan ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, iná á sì ṣìnà.

Ní ti Windows, ilé-iṣẹ́ tó ni ín dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, 2025. Windows 11 ń fẹ́ TPM 2.0 (ohun ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà), ó sì ń fẹ́ ìran 8 lọ sókè bó bá jẹ́ Intel. Bí tiyín bá dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, Linux Mint, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, kò gba kọ́bọ̀, LibreOffice tó sì wà nínú rẹ̀ á ṣe ìṣirò oko yín láìsí wàhálà.

Bí kò bá dáhùn

Ẹ má ṣe yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yí ẹyọ kan, ẹ dán an wò, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tó yọ RAM, tó yí wáyà, tó tún tẹ fáànù pọ̀, bó bá tàn kò ní mọ èyí tó wò ó sàn. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó fọwọ́ kan inú rẹ̀.

Bí kò bá ta pútú rárá, ẹ fi ṣájà fóònù yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì wò. Ẹ wo bọ́tìnì ẹ̀yìn power pack: ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ I, kì í ṣe O. Ẹ tún wáyà oníhò 24 tì dáadáa. Ẹ so púlọ́ọ̀gì padà, kí ẹ wá fi screwdriver kan irin PWR_SW méjèèjì. Bó bá tàn, bọ́tìnì kéèsì tàbí wáyà rẹ̀ ló ṣàìsàn.

Bí fáànù bá ń yí ṣùgbọ́n tí monitor dúdú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ pé bọ́ọ̀dù ti kú, tí kò sì kú. Oníhò 8 tòsí processor ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí òun ni a máa ń gbàgbé jù. Ẹ wo ibi tí wáyà monitor wà: bí graphics card bá wà, ara rẹ̀ ni kó wà, kì í ṣe ara bọ́ọ̀dù. Ẹ yọ RAM, ẹ fi írésà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò nu ẹsẹ̀ wúrà rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo padà. Bó bá kọ̀, ẹ gbé e sí ihò mìíràn. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ yọ bátìrì róbótó CR2032 tó wà lára bọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ dá a padà. Lórí DDR5, ìgbà àkọ́kọ́ lè pẹ́ tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí nǹkan tó yọ, ẹ dúró. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ní iná kékeré mẹ́rin, CPU (processor), DRAM (RAM), VGA (àwòrán) àti BOOT (ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀). Èyí tó bá tàn tí kò kú ni ibi tí àìsàn wà.

Bó bá tàn tó sì ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ooru ni kí ẹ fura sí: fáànù tí kò jókòó dáadáa, tàbí ọ̀rá tí ẹ gbàgbé. Bí aago rẹ̀ bá ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà, CR2032 ti rẹ̀. Tuntun jẹ́ fóltì 3. Bó bá ní òun kò rí ibi tí òun ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ tún wáyà SSD tì.

Ẹ má ṣe tú power pack láé. Iná ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí

Ẹ gbé e jìnnà sí ilé adìyẹ. Òórùn tó ń ta yín lójú níbẹ̀ ń jẹ bàbà inú bọ́ọ̀dù, ìyẹ́ àti eruku oúnjẹ adìyẹ sì ń dí fáànù pa. Èéfín ibi ìyangààrí náà kò dára fún un. Kó má wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ dí gbogbo ihò ẹ̀yìn kéèsì tí ẹ kò lò, nítorí ọmọńlé fẹ́ràn ibi tó móoru. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa ṣí i lóṣooṣù, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá eruku inú rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka di fáànù mú kó má yí.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ti oníṣẹ́, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ àwọn ohun tí ẹ ti dán wò sí dání. Ẹ yọ SSD sílẹ̀ nílé bí àìsàn náà kò bá kàn án, torí ìṣirò oko yín wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára RAM, bọ́ọ̀dù àti power pack sílẹ̀ lójú rẹ̀, kí ẹ tó fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ níbẹ̀.